Abuja: ta ló fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sí ọ̀nà Nyanya?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ṣebí wọ́n ya àwòrán Abuja kí wọ́n tó kọ́ ọ. Kí ló wá dé sí ọ̀nà Nyanya láràárọ̀?

Ìdáhùn 1: Wọ́n yà á lóòótọ́. Àwòrán 1979 ń retí mílíọ̀nù 1.6 ènìyàn ní ọdún 2000, kò sì gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 3.1 lọ. Àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ìlú ni Nyanya níbẹ̀rẹ̀. Ilé àárín ìlú wọ́n, iṣẹ́ ọba sì wà níbẹ̀. Ẹni tápá rẹ̀ ò ká a ń gbé lẹ́yìn odi, àwọn tó wà lápá Nyanya sì jọ ń gba ọ̀nà kan náà wọlé.

Ìdáhùn 2: Ẹ má gbàgbé abúlé Garki o, tó ti wà níbẹ̀ kí Abuja tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí gbogbo onílẹ̀ kó lọ, owó gbà-má-bínú tí wọ́n máa san fún wọn ga jù, ni wọ́n bá pèrò dà. Abúlé ọ̀hún ṣì wà láàárín ìgboro.