"Ìparun" kọ́ ni ohun tí pósítírọ́ọ̀nù ń ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹyọ bíńtín tó wà nínú átọ́ọ̀mù, bá pàdé pósítírọ́ọ̀nù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí àmì iná rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, ká pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ("annihilation" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìparun", ká sì pe pósítírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ní "òdì-ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù". Ẹ má bínú, n kò gba ìkankan.

Ẹ jẹ́ ká mú èkejì ṣáájú. Nínú ìṣirò, nọ́ḿbà tó kéré sí òdo là ń pè ní òdì. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an ló sì ru àmì òdì! Àmì ìròpọ̀ ni ti pósítírọ́ọ̀nù tí Carl Anderson rí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1932. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni orí rẹ̀ kò ní dàrú? "Òdìkejì" ló tẹ́ mi lọ́rùn. Òdìkejì odò kì í ṣe ọ̀tá odò, bèbè ni òun náà. Àwọn méjèèjì yìí náà wúwo dọ́gba rẹ́gí.

Ó wá ku "ìparun". Ìlú tí ogun pa run, ahoro ló ń kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, kò sí ohun tó ṣòfò: ìwúwo wọn ló di ìtànṣán gámà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tí ojú kò lè rí, méjì lọ́pọ̀ ìgbà, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 511 keV (òṣùwọ̀n agbára ohun bíńtín), wọ́n á sì kẹ̀yìn síra wọn sá lọ. Ìkẹ̀yìnsíra yẹn ni ẹ̀rọ PET, tó ń ya àwòrán inú ara, fi ń wá jẹjẹrẹ. Wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n so mọ́ fluorine-18 (ọjọ́ mìíràn la ó jà lórí orúkọ ìyẹn), èyí tó ń tú pósítírọ́ọ̀nù jáde láti pàdé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ara; ibi tí ṣúgà bá pọ̀ sí ni ìtànṣán á ti máa jáde ní méjì méjì. Ẹ wá ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá àgbà pé ìparun fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn. Ṣé wọ́n á dùbúlẹ̀?

"Ìparẹ́" sàn díẹ̀, torí ohun tó parẹ́ lójú wa lè wà níbòmíràn. Àmọ́ "ìparadà" ni tèmi. Ẹfọ̀n inú àlọ́ tó para dà di obìnrin kò run, awọ ló bọ́. Ẹ lè ní labalábá ti gba ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá kọ ọ́ ní "ìparadà-dìtànṣán", ta ló máa rò pé kòkòrò là ń wí?

Ohun kan ló tilẹ̀ pa "ìparun" lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ìtànṣán gámà tí agbára rẹ̀ ju 1022 keV lọ, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọkàn átọ́ọ̀mù kọjá, lè di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pósítírọ́ọ̀nù padà. Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá run?