Apàṣẹwàá ti lọ, ẹni tó ń bọ̀ kò tíì hàn: kí la máa pe àkókò yẹn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn ló béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà tí Bashar al-Assad, ààrẹ tó ń pàṣẹ wàá níbẹ̀, ti sá kúrò ní Síríà ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló ti ń wá ohun tí òun máa pe àkókò tó tẹ̀lé e. Ìjọba àtijọ́ ti wó, tuntun kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni ọ̀rọ̀ máa já sí. Ẹ̀gbọ́n kan ní kó máa kọ "ìgbà ìyípadà". Ẹlòmíràn ní "ìgbà adelé". Ẹnì kẹta ní "fìdíhẹ" ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá? Mo ti rò ó títí, n kò lè gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

"Ìyípadà" ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá wí. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwọn ológun lọ la tó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ológun gan-an ló ń fi tàn wá. Babangida ní 1990 lòun máa gbé ìjọba fún alágbádá, ó sún un sí 1992, ó sún un sí oṣù Kìíní 1993, ó tún sún un sí oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ètò ìyípadà sì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Abacha náà gbé tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1995, ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹrin 1998, ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba rẹ̀ fọwọ́ sí ti fa òun nìkan kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Bọ́lá Ìgè ló pe ẹgbẹ́ márùn-ún yẹn ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́jọ́ lórí díẹ̀, tó bá gbọ́ "ètò ìyípadà" lórí rédíò lónìí, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n tún fẹ́ sún ọjọ́. Àti pé ohun tó bá yí padà ti di nǹkan mìíràn ná. Ẹni tó ṣì wà láàárín ọ̀nà kò tíì mọ̀ bóyá nǹkan kan ti yí.

Mo fẹ́ràn "fìdíhẹ". Ọ̀rọ̀ téèyàn ń fojú rí ni: ẹni tó fi ìdí hẹ etí àga, tí kò fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ké sí i lóde, ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Ernest Shonekan, olórí ìjọba fìdíhẹ Nàìjíríà. Babangida gbé e gorí àga ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 1993. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó ní ìjọba náà kò bófin mu. Nígbà tó di ọjọ́ 17, Abacha, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nínú ìjọba yẹn kan náà, ní kó dìde. Kò pé oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí àga ni fìdíhẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe àwa tí a dúró síta kò sí nínú rẹ̀.

"Adelé" ló dùn mí jù láti kọ̀, torí òun gan-an la gbà gbọ́ nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń delé, onílé ń bọ̀ ni. Bí ọba bá wàjà ní Àkúrẹ́ tàbí ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin rẹ̀ á di adelé, á wọṣọ ọkùnrin, á dé fìlà, àwọn afọbajẹ á máa bá iṣẹ́ tiwọn lọ. Ìlú lè máà tíì mọ orúkọ ọba tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tó ti máa jáde, wọ́n sì mọ̀ pé ọba á jẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí ní 1998, Ìbàdàn la wà. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ni Abacha kú. Màmá mi ń ta aṣọ ní Gbági, ọjà sì dà rú lọ́jọ́ náà, ó tètè wálé. Gbogbo àdúgbò ti já ewé, ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè, àwọn ọmọdé ń lu ìkòkò. Màmá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú owó tó fẹ́ gbé lọ sí Èkó láti fi ra ọjà. Ó bi bàbá tó wà ní yàrá kejì pé, "Ta ló wá kàn báyìí, Bàbá?" Bàbá ní, "Abíọ́lá ni. Ta ló tún kù?" Màmá mi wò ó, ó ká owó náà, ó so ó mọ́ etí ìró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Abdulsalami Abubakar gorí àga ní ọjọ́ kejì. Lójú tiwa, adelé ni. Onílé wà ní àtìmọ́lé láti oṣù Kẹfà 1994: Abíọ́lá, tó jáwé olúborí nínú ìdìbò June 12, 1993. Kí adelé sáà ṣílẹ̀kùn fún un ni. Odindi oṣù kan ni màmá mi fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn pé ká wò ó ná. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, rédíò ní Abíọ́lá kú níbi tó ti ń bá àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, táyà ń jó ní títì. Bàbá yẹn jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ tí Abacha kú, kò sọ nǹkan kan. Onílé ti kú, adelé ṣì wà nínú ilé. Obásanjọ́ tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ló wá di ààrẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999. Lọ́jọ́ Ajé tí a ń lu ìkòkò, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká lo "wíríwírí". Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣe wíríwírí, wàá rí i pé ènìyàn ń bọ̀ lọ́nà, o ò ní rí ojú rẹ̀. Ìyá á ti máa pe ọmọ wọlé. Ohun tó mú mi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ìrọ̀lẹ́ ní wíríwírí, àfẹ̀mọ́júmọ́ náà ní. Ẹni tó sùn lọ́sàn-án, tó jí bọ́ sínú rẹ̀, ó ní láti dúró díẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ ni àbí ó ń ṣú. Ẹ wo Kùtọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àpérò gbogboogbò oṣù Kejì 1990 gba agbára lọ́wọ́ Mathieu Kérékou, ààrẹ tó jẹ́ ológun, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, Nicéphore Soglo fi bí ọdún kan ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ, wọ́n dìbò ní oṣù Kẹta 1991, Soglo fẹ̀yìn Kérékou balẹ̀, Kérékou sì gbà. Ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní 1993, ilẹ̀ ṣú. Ní Sudan, ààrẹ Omar al-Bashir lọ ní oṣù Kẹrin 2019, àwọn ológun tún gba gbogbo rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2021, ogun sì bẹ́ ní oṣù Kẹrin 2023. Ẹni tó ń kọ ìròyìn ní 1990, ní 1993 tàbí ní 2019 kò lè mọ èyí tó máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá máa lò kò gbọdọ̀ ti ṣèlérí ojúmọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní ọ̀rọ̀ akéwì ni wíríwírí, pé kò bá ìròyìn mu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, kí ni "wàá" inú "apàṣẹwàá"? Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni. Rédíò ń lò ó, ìwé ìròyìn ń lò ó, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún akéwì.

Àbúrò, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Síríà ṣì wà ní sáà wíríwírí. Ahmed al-Sharaa, tí wọ́n fi ṣe ààrẹ fìdíhẹ ní oṣù Kìíní 2025..." Fìdíhẹ dúró fún ẹni tó wà lórí àga, wíríwírí dúró fún ìlú. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn lò ń sọ, "wọ́n wà nínú wíríwírí" ti tó, má fi "sáà" sí i.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ ní Benin tó wà láàárín wa, ẹ wà nílé ní 1990. Kí làwọn òbí yín ń pe àkókò yẹn, láti ọjọ́ àpérò títí di ọjọ́ ìdìbò? Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu wọn nígbà náà, mo ṣe tán láti gbé tèmi sílẹ̀ kí n gba tiwọn.