Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Heraclitus àti iná àwọn ará Páṣíà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa filọ́sọ́fì. Prójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí Heraclitus, onímọ̀ filọ́sọ́fì ará Gíríìkì àtijọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì jẹ́ n sùn. Éfésù ló gbé ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú Kristi, abẹ́ Páṣíà sì ni ìlú yẹn wà nígbà náà, òun ló wá sọ pé kò sí òrìṣà tàbí èèyàn tó dá ayé, pé iná tí kì í kú ni, tó ń ràn níwọ̀n tó sì ń rọlẹ̀ níwọ̀n. Ẹ wá wo àwọn ẹlẹ́sìn Zoroaster, ìyẹn ẹ̀sìn àwọn ará Páṣíà àtijọ́, iná náà ni wọ́n so mọ́ Asha, ìyẹn òtítọ́ àti ètò tó gbé ayé ró. Ó jọra gan-an lójú tèmi! Àmọ́ Heraclitus gbà pé ogun ni bàbá ohun gbogbo, pé ire àti ibi ò yàtọ̀ síra, nígbà tó jẹ́ pé nínú Gatha, ìyẹn àwọn orin mímọ́ tó pẹ́ jù nínú ẹ̀sìn Zoroaster, ẹ̀mí méjì ló wà, ti ire àti ti ibi, wọn ò sì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan.

Ibi tí mo há sí nìyí: ìtàn ìṣẹ̀dá tó kún jù nínú ẹ̀sìn Zoroaster, inú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Bundahishn ló wà, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn Heraclitus ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó dùn mí torí ìtàn àtẹnudẹ́nu ò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ṣé kí n dúró sórí Gatha nìkan, àbí ọ̀nà wà tí mo lè gbà lo Bundahishn tí wọn ò ní já mi nírọ́? Ṣé kí n kàn sọ pé wọ́n jọra ni, láì sọ pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kó bá mi sọ̀rọ̀.