Àwọn ìbejì mi fẹ́ máa kọrin pọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwo Danger tí àwọn Lijadu Sisters gbé jáde ní 1976 ni àwọn ìbejì mi obìnrin ń gbọ́ ṣáá. Ohùn Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu wọnú ara wọn débi pé n kì í mọ ta ló ń gbè. Àwọn tèmi ò tíì débẹ̀. Bí Kẹ́hìndé bá gba ohùn ìsàlẹ̀, kì í pẹ́ tó fi sá padà sára ti Táyé. Ṣé kí n wá olùkọ́ fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí kí wọ́n jọ máa kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ owó náà ń kọ mí lóminú. Ìbejì ni P-Square, síbẹ̀ wọ́n túká ní 2017. Irú àdéhùn wo ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ sítúdíò?