Orúkọ wo la ó pe eré tí òṣèré ń dá lójú agbo?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín.

Tíṣà kan ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Àwọn òṣèré tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ wọn máa ń wá kọ́ àwọn ọmọ SS2 rẹ̀ ní eré ṣíṣe. Wọ́n á pe ọmọ méjì síwájú, wọ́n á ní: “Ìwọ ni onílé, o wá gba owó ilé. Ìwọ ni ayálégbé, o ò ní kọ́bọ̀. Ó yá.” Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n há sórí. Kí la ó máa pe irú eré bẹ́ẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “improvisation”? Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “àdáṣe”, àbúrò kan sì ní “ìdárà” ló dára.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ “àdáṣe”. Mo rí ibi tí wọ́n ti mú un: “dá” tó wà nínú “dá ayé” ni wọ́n so mọ́ “ṣe”. Ṣùgbọ́n etí kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dá jẹ, dá gbé, dá sùn: ẹni tó nìkan wà là ń sọ. Bí òṣèré bá sọ fún ọmọ ọdún 16 pé àdáṣe ló kàn, kálukú á wá igun tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n wá kọ́ wọn gan-an ni pé kí wọ́n má dá a ṣe. Ayálégbé kò lè mọ ohun tó máa sọ títí onílé yóò fi la ẹnu. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé orí ìtàgé, ọ̀rọ̀ tó kan òun ló ń rò. Kò gbọ́ èyí tí ẹnìkejì sọ tán. Ibẹ̀ ni òṣèré tó mọṣẹ́ ti ń dá wọn dúró: “Kí ló sọ fún ọ? Dá a lóhùn!” Ẹ̀kọ́ etí ni, kó tó di ẹ̀kọ́ ẹnu.

“Ìdárà” sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílù àti oníjó ni. Àníyàn mi ni pé ẹnì kan là ń fi dárà yìn. Ọmọ tó lẹ́nu jù á gba gbogbo eré, ẹnìkejì á dúró bí òpó.

Iṣẹ́ tí a ń wá orúkọ fún yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo kò lo ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ eré sí. Wọ́n á mọ ìtàn, wọ́n á mọ ipa, òṣèré á sì wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú òǹwòran. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọn rìnrìn àjò tó sì bá wọn ṣeré, ti ṣàlàyé èyí dáadáa. Ògúndé, Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ náà, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó di ọ̀gá òṣèré, nítorí náà òṣèré nínú kíláàsì kì í ṣe nǹkan tuntun.

Àbá tèmi ni “àdálágbo”. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ẹ lè sọ pé “Ẹ dá a lágbo!” fún àwọn ọmọ, kí eré sì bẹ̀rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì lójú mi. Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ jọ, ti jáde ní 1984, a ti ní ọ̀rọ̀ fún ìdánwò, bíi “ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì” (ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá-ìtàn ń bá ara wọn sọ) àti “ìfìwàwẹ̀dá” (ìwà tí a fún ẹ̀dá-ìtàn), wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n adarí eré nílò ọ̀rọ̀ tó ṣeé pa láṣẹ. Agbo tún ní ẹlẹgbẹ́ nínú, ó ní òǹwòran yí ká.

Ẹnì kan lè ní ìtàgé òde òní kì í ṣe agbo mọ́, pé iwájú nìkan ni òǹwòran ń jókòó sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ṣì ń sọ pé “agbo òṣèré” láìwo bí àga ṣe tò. Àwọn tó fẹ́ “eré àìkọsílẹ̀” ń sọ ohun tí eré náà kò ní. Wọn kò tíì sọ ohun tó jẹ́.

Ó ku ọ̀tún àti òsì ìtàgé, tí tíṣà náà tún béèrè. Lọ́dọ̀ àwọn òṣèré, ọwọ́ ẹni tó kọjú sí òǹwòran ni wọ́n ń kà. Kí a máa pè é tán: “ọ̀tún òṣèré”, “òsì òṣèré”. Bí a bá ní “ọ̀tún” lásán, ìdajì kíláàsì á forí gbárí.