Ìjíròrò lórí èdè: Kí ni ká máa pe 'prospect', 'trade' àti 'draft' nínú bésíbọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú ojúmọ́.

Mo ti ka àbá mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ká máa pe 'prospect' (ọ̀dọ́ eléré tí a ń retí pé yóò dé líìgì ńlá) ní ẹni-ìrètí, ká pe 'trade' (kí ẹgbẹ́ méjì fi eléré gba eléré) ní òwò eléré, ká sì pe 'draft' (bí àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń yan ọ̀dọ́ eléré tuntun) ní ìyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ eré yìí wá síwájú wa. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí lọ́kàn mi. Baltimore ni mò ń gbé. Orioles, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú yìí, ni mò ń tẹ̀ lé láti ìgbà tí mo ti dé, lọ́jọ́ dídùn àti lọ́jọ́ kíkorò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń wá yìí, ojoojúmọ́ ni mo nílò wọn nínú ilé mi.

Ìyàn ló rọrùn jù láti dáhùn. Bí mo bá kọ 'Ìyàn ọdún 2019' sókè ìròyìn, àìsí oúnjẹ ni òǹkàwé máa kọ́kọ́ rò, bí ìyàn tó mú nínú Bíbélì. Bí a bá sì sá fún un, tí a kọ 'dráfù', àwọn tó ń ta dráfù lábẹ́ igi á ní àwọn là ń bá wí. Ìṣàyàn ni mo fara mọ́. A ń ṣà, a sì ń yàn: ohun tí wọ́n ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Láti ọdún 1965 ni àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá ti ń jókòó lọ́dọọdún láti yan àwọn ọ̀dọ́ ilé-ìwé gíga àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àti ti Kánádà àti Puerto Rico nígbà tó yá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó kùnà jù ló sì máa ń kọ́kọ́ yàn. Láti 2023 wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké fún àwọn àyè àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ má baà mọ̀ọ́mọ̀ kùnà. Ìyípo ogún, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ni wọ́n ń ṣe báyìí. Láyé àtijọ́ ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìyípo kejìlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti yan Mike Piazza ní 1988, lẹ́yìn ènìyàn tó lé ní 1,300, ọkùnrin náà sì wọ Ilé Ògo ní Cooperstown, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn eléré tó ta yọ jù.

Nínú ìṣàyàn yìí kan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ nǹkan méjì pọ̀ tí ó yẹ kí àwa yà sọ́tọ̀. 'Draft pick' lè jẹ́ ẹni tí wọ́n yàn. Ó sì lè jẹ́ àyè tí ẹgbẹ́ kan ní láti yàn, kí ó tó yan ẹnikẹ́ni rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Orioles gba Corbin Burnes, ajubọ́ọ̀lù tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Cy Young, ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, ní 2021, lọ́wọ́ Milwaukee Brewers. Ohun tí wọ́n fi gbà á ni Joey Ortiz, DL Hall, àti àyè kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú ìṣàyàn ọdún náà: ènìyàn méjì, pẹ̀lú àyè kan tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní àṣàyàn, òǹkàwé á rò pé ènìyàn mẹ́ta ló di ẹrù lọ sí Milwaukee. Ẹ jẹ́ ká fi 'àṣàyàn' sílẹ̀ fún ènìyàn, ká sì pe àyè ní 'àyè ìṣàyàn'.

Ó kan ẹni-ìrètí, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Ìṣòro tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ náà ń gbé ohun tó wà lọ́kàn àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ru ọmọ ọlọ́mọ. Àwa la ní ìrètí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń sùn nínú bọ́ọ̀sì láti ìlú kan sí èkejì nínú líìgì kékeré, kò bá wa dá májẹ̀mú kankan. Kí la rí lára rẹ̀? A rí i pé nǹkan ti yọ orí. A ò mọ̀ bóyá yóò ta. Àwa tí bàbá wa dá oko iṣu mọ orúkọ ohun tó bá yọ orí bẹ́ẹ̀: èhù.

Ẹ wò ó bó ṣe bá a mu. Ní 2018, Orioles pàdánù eré 115 nínú 162. Ní 2019, 108. Ní 2021, 110. Mo wà ní Camden Yards, pápá ìṣeré wọn, lọ́pọ̀ àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn tí ìjókòó òfìfo pọ̀ ju èrò lọ. Ohun tí ìyà náà bí ni àyè kìíní nínú ìṣàyàn 2019, wọ́n sì fi yan Adley Rutschman, ahánbọ́ọ̀lù láti Oregon State. Ọdún mẹ́ta ni a fi retí rẹ̀ kó tó dé líìgì ńlá ní oṣù karùn-ún 2022. Nínú ìṣàyàn kan náà, ní àyè kejìlélógójì, wọ́n yan ọmọ Alabama kan, Gunnar Henderson. Ní 2023 òun ni wọ́n pè ní ẹni tuntun tó ta yọ jù ní American League, ọ̀kan nínú ìpín méjì líìgì ńlá, ẹgbẹ́ sì borí nínú eré 101. Ẹni àyè kejìlélógójì! Àgbẹ̀ tó bá ti gbin iṣu rí mọ̀ pé èhù tó tóbi jù lọ́jọ́ gbígbìn kọ́ ló máa ń ta iṣu tó tóbi jù.

Jackson Holliday ńkọ́? Àyè kìíní ni wọ́n ti yan òun náà, ní 2022. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n mú un wọ líìgì ńlá ní oṣù kẹrin 2024. Ìgbà méjì péré ló gbá a débi tó yẹ nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì dá a padà sí Norfolk, ẹgbẹ́ wọn nínú líìgì kékeré, kí oṣù náà tó parí. Oòrùn ti mú un. Àgbẹ̀ a máa fi koríko bo orí ebè nítorí irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù keje, ó gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá ògiri nígbà tí ènìyàn mẹ́ta wà lórí ibùdó, àmì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi 'ẹni-ìrètí' sọ ìtàn yìí: á dà bíi pé ọmọ náà já wa kulẹ̀ ní oṣù kẹrin, kó tó wá bẹ̀ wá ní oṣù keje. Èhù kì í jáni kulẹ̀. Ó lè kú, ó lè pẹ́, ó lè ta.

Arábìnrin wa ní Houston ní kí ni ká máa gbé èhù sí nígbà tí èèbù wà, èèbù tí a gé tí a sì ń gbìn. Òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀ oko gidi ni, inú mi dùn pé a ṣì ní ẹni tó rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì ohùn. Bí mo bá kọ ọ́ pé 'Orioles ni eebu to dara ju', èébú ni wọn yóò kà. Mo bẹ̀rù ìyẹn fún àwọn ọmọ náà. Bí ẹnìkan bá sì ní ká lo ògo-wẹẹrẹ, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ń rán mi létí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí èhù mọ̀ tí ìrètí kò mọ̀. Iṣu tí a fi sílẹ̀ nínú àká títí tó fi hù, ara iṣu náà ni èhù ń jẹ. Èrò mi lórí ẹgbẹ́ wa nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi kò sì gbà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2023, nígbà tí a wà lókè, ajubọ́ọ̀lù ni a kò ní tó. Àká kún ní Norfolk. Jack Flaherty nìkan ni ajubọ́ọ̀lù tí a wá gbà láti máa bẹ̀rẹ̀ eré, Texas Rangers sì fi eré mẹ́ta léra lé wa jáde nínú ìdíje ìparí ọdún. Ó yẹ kí a ti kó èhù jáde nígbà náà ká fi gba ẹni tó ti gbó. Ní oṣù keje 2024 wọ́n kó méjì, Kyle Stowers àti Connor Norby, fún Miami, wọ́n gba Trevor Rogers. Rogers ò rí i jù rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà dèrò Norfolk, gbogbo wa kígbe. Ní 2025, wọ́n mú Stowers mọ́ àwọn ìràwọ̀ líìgì. Rogers ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ eré méjìdínlógún, iye àmì tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ láàárín ìpín mẹ́sàn-án, tí í ṣe odindi eré kan, kò sì ju 1.81 lọ, èyí tó dára gan-an. Mo wà lára àwọn tó kígbe. Mo ti yára jù.

Ó wá ku 'trade', tí ẹ̀gbọ́n wa pè ní òwò eléré. Àlàyé wọn ni pé àwọn oníròyìn bọ́ọ̀lù orí rédíò máa ń ní 'wọ́n ti rà á', 'wọ́n ti tà á', etí wa sì ti mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, owó ni ẹgbẹ́ kan ń san fún èkejì, ẹni náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lọ. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, ènìyàn ni wọ́n fi ń gba ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í sì í sábà bi í. Ìpè fóònù ló máa gbà. Àfi ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá ní líìgì ńlá, tí márùn-ún tó kẹ́yìn sì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tàbí tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ ọ́, ló lè ní òun ò lọ.

Èmi náà ti fi 'tà' sọ ọ́ rí, mo sì rántí ọjọ́ náà. Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó tó dàgbà ní Kánádà, ni Milwaukee Brewers yàn ní ìyípo kẹrin ọdún 2015. Èmi àti màmá mi ní Ìlá máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù nítorí orúkọ yẹn, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní láti túmọ̀ fún wa. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2018, Toronto Blue Jays gbà á, wọ́n sì fún Milwaukee ní Curtis Granderson, àgbà eléré ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Mo sọ fún màmá mi pé, "Mà, wọ́n ti ta ọmọ Orimoloye yẹn sí Toronto." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló tà á? Ṣé àwọn òbí ẹ̀ gbọ́?" Mo ṣàlàyé títí. Mo ní Ontario ló dàgbà sí, ẹgbẹ́ tó sún mọ́ ilé ló kúkú gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi, kò ṣeé kó padà.

Kì í sì í ṣe màmá mi nìkan. Curt Flood, eléré ọmọ Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti lo ọdún méjìlá ní St. Louis Cardinals nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Philadelphia ní oṣù kẹwàá 1969. Ó kọ̀ ọ́. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà líìgì pé òun kì í ṣe dúkìá tí a ń rà tí a ń tà láìbèèrè ohun tí òun fẹ́. Nígbà tí wọ́n rán an létí owó ńlá tó ń gbà, ó ní ẹrú tí a sanwó gidi fún, ẹrú náà ni. Ó pe líìgì lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà lòdì sí i ní 1972, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́ta. Èdè tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú sínú ọkọ̀ ojú omi lọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú 'tà' àti 'òwò' nígbà tí ènìyàn bá wà níbẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ni ẹ jẹ́ ká máa wí. Níbi tó bá sì jẹ́ owó gan-an ni wọ́n gbà, ká sọ pé wọ́n tà á, kí gbogbo ayé gbọ́: Boston ta Babe Ruth, ìlúmọ̀ọ́ká eléré, fún Yankees ti New York ní ìparí 1919, ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ẹni tó bá pé ọdún mẹ́fà ní líìgì ńlá lè lọ síbi tó wù ú nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá parí. Bí Burnes ṣe fi wá sílẹ̀ lọ sí Arizona nìyẹn lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo. Àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì wa ti ní ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́: ó ti gba fírídọ̀mù. Ẹ má jẹ́ ká wá òmíràn.

Ọ̀kan ṣì há mi lọ́rùn. Nínú pàṣípààrọ̀, wọ́n lè ní àwọn yóò fún yín ní ẹnì kan tí àwọn kò tíì dárúkọ. Ní oṣù kẹrin 1962, Cleveland fún Mets ti New York ní eléré kan, Harry Chiti, lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, tí ó kan Mets láti dárúkọ ẹni tí wọn yóò fi san án, Chiti fúnra rẹ̀ ni wọ́n dá padà. Mo ti gbìyànjú 'ẹni-a-ó-dárúkọ', ó gùn. Mo ti gbìyànjú 'orúkọ-ń-bọ̀', mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní ọmọ ọjọ́ méje ló ń rán òun létí, tí wọn kò tíì kó jáde. Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí lẹ rí sí i?