Ṣóńṣó karùn-ún lára èrìgì àwọn ọmọ mi

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 7. Bí mo ti ń fọ ẹnu fún Táíwò, mo rí i pé èrìgì, eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ, tó wà lẹ́yìn pátápátá lókè, lọ́tùn-ún àti lósì, ní kókó kékeré kan ní ìhà àjà ẹnu, bí ẹni pé eyín mìíràn fẹ́ hù lára rẹ̀. Kẹ́hìndé náà ní in, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní eyín èwe ni, pé yóò ká, a ó sì sọ ọ́ sórí òrùlé bí a ti sọ àwọn ti iwájú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí kí n mú wọn lọ kí wọ́n rẹ́ ẹ dànù?

Oníṣègùn Eyín, Oǹdó
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Ìbejì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Màmá, eyín yẹn kò ní í ká. Èrìgì tí ọmọ ń hù ní nǹkan bí ọdún 6 kì í rọ́pò eyín kankan. Ẹ̀yìn àwọn eyín èwe ni ó ń gbà jáde, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń kà á mọ́ wọn, tí wọn kì í sì í kọbi ara sí i títí kòkòrò yóò fi jẹ ẹ́.

Ṣóńṣó 4 ni èrìgì àkọ́kọ́ lókè sábà máa ń ní. Ìkarùn-ún yìí ni a ń fi orúkọ Georg Carabelli pè, oníṣègùn eyín ní Vienna tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1842. Kì í ṣe àrùn, inú ìdílé ni ó sì sábà máa ń ti wá. Láti ìgbà ìbí ni orí eyín yìí ti ń gan nínú egungun, ó sì máa ń parí ní nǹkan bí ọmọ ọdún 3, nítorí náà ṣúgà kọ́ ni ó fà á. Nínú ẹlòmíràn, ojú kòtò lásán ni. Nínú ẹlòmíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó àwọn yòókù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ. Kòtò tóóró tó wà láàárín ṣóńṣó náà àti ara eyín ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí oúnjẹ ń há síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kì í sì í tètè dé ibẹ̀.

Bàbá Tolú, Àkúrẹ́
Ti ọmọ tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ eyín náà, wọ́n kun èròjà kan tí ó dí kòtò yẹn, wọ́n sì tan iná sí i kí ó le. Wọn kò lu ihò sí eyín rárá, ọmọ kò sì sunkún.

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi iná fóònù wo ẹnu bàbá wọn lálẹ́ àná. Ó wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún. Ti òsì ni kòkòrò jẹ, tí wọ́n yọ nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé girama.